Àmì Kan Lábẹ́ Fáà: Ìtàn Ọwọ́ Ìkọ̀wé Ìlọrin

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ká wo bí ó ṣe lè dàrú mọ́ ènìyàn lójú. Ọ̀rọ̀ náà ni kálámù. Ní èdè Lárúbáwá, lẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ ọ́: kọ́ọ̀fù, láámù, míìmù. Nínú ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ ní Káírò, àmì méjì ni kọ́ọ̀fù máa ń ní lórí, fáà sì máa ń ní ẹyọ kan lórí. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ ilẹ̀ wa, ẹyọ àmì kan péré ni kọ́ọ̀fù ní lórí, abẹ́ sì ni àmì ti fáà wà. Nítorí náà, ọmọ tó gbọ́ Lárúbáwá dáadáa nílé ìwé òde òní lè ṣí ìwé bàbá àgbà rẹ̀, kí ó bá «kálámù» pàdé níbẹ̀, kí ó sì kà á sí «fálámù», èyí tó túmọ̀ sí «kò sì». Bí kò bá sí àmì fáwẹ̀lì lára rẹ̀, ó tiẹ̀ lè kà á sí «fíìmù». Ẹni tó kọ ọ́ kò ṣì í kọ, ẹni tó ń kà á kì í ṣe aláìmọ̀wé. Ọwọ́ ìkọ̀wé ló yàtọ̀ síra.

Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe dé bẹ̀ nílùú tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ kéú? Ohun tó gbé ìbéèrè yìí sí mi lọ́kàn ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣètò ní Ìlọrin níbí fún ẹni tí kò tíì dán ọnà ìkọ̀wé Lárúbáwá wò rí. Èmi náà wà lára àwọn tó lọ. Ẹ óò bá Àfọ̀njá àti Àlímì pàdé nínú àròkọ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀nà kálámù la máa gbà dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ohun tí wọ́n kọ́ wa lọ́jọ́ náà

Kì í ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olówó ńlá. Ẹní ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀, wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní kálámù kan tí wọ́n gé ẹnu rẹ̀ ní dídagun, wọ́n sì la ẹnu náà díẹ̀ láàárín kí tàdáwà lè máa rìn nínú rẹ̀. Dúdú èéfín tí wọ́n fi oje igi pò ni tàdáwà ọ̀hún. Wọ́n ki òwú sínú ìgò rẹ̀ kí kálámù má baà bu ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó bá ti tẹ kálámù bọ inú òwú náà lẹ́ẹ̀kan yóò rí i pé ọgbọ́n wà nínú rẹ̀: ìwọ̀nba tí ó lè kọ lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta ló ń gbà.

A kò kọ́kọ́ kọ lẹ́tà rárá. Àmì ni a kọ́kọ́ kọ. O máa dá kálámù dagun, o máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, o máa fà á díẹ̀, o máa gbé e kúrò. Àmì tó jáde á ní igun mẹ́rin. Àmì yìí ni òṣùwọ̀n gbogbo nǹkan. Olùkọ́ wa ní kí a to márùn-ún léra wọn, kí a wá fa álífù tó ga tó bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wákàtí kan gbáko kọjá lórí álífù. Fún àwa tó ń fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù bí ẹni ń sáré ìje, ohun tó ṣe àjèjì jù ni pé lẹ́tà kan ṣoṣo lè gba ọkàn ènìyàn tó bẹ́ẹ̀. Èjìká ń ṣiṣẹ́, ọrùn ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, kódà mímí ń ṣiṣẹ́, torí ẹni tó bá mí kanlẹ̀ láàárín álífù, álífù rẹ̀ á mì.

Òṣùwọ̀n àmì yìí ní ẹni tí ìtàn máa ń dárúkọ mọ́ ọn. Ibn Muqla ni, wàsíìrì fún àwọn ọba Abbasid ní Baghdad, tó kú ní 940. Òun ló gbé ìlànà kalẹ̀ pé gbogbo lẹ́tà gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu ní ìwọ̀n. Òṣèlú kò ṣe é lóore: wọ́n gé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kí ó tó kú sẹ́wọ̀n. Ibn al-Bawwab, tó kú ní 1022, tún ìlànà náà ṣe, nígbà tó sì yá, àwọn akọ̀wé ilẹ̀ Ọ́tómánì ní Istanbul sọ ọ́ di iṣẹ́ tí ọ̀gá ń fi lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́. Ohun tí a kọ́ lórí ẹní lọ́jọ́ náà, Baghdad ló ti ṣẹ̀, Istanbul ló gbà kọjá.

Nígbà tí a sinmi, ọ̀kan nínú wa yọ fóònù rẹ̀ jáde, ó fi àwòrán ojú ìwé kan hàn wá. Inú àpótí bàbá àgbà rẹ̀ ló ti yà á. Ìlà rẹ̀ kò nípọn níbì kan kí ó tẹ́ẹ́rẹ́ níbòmíràn bí èyí tí wọ́n ń kọ́ wa. Ó rí bákan náà látòkè délẹ̀, ìrù àwọn lẹ́tà rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ bí dòjé. Olùkọ́ wa kà á díẹ̀díẹ̀, ó dúró, ó tún padà sẹ́yìn. Ibi kọ́ọ̀fù àti fáà ló ti ń dá a dúró. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, «Ọwọ́ àwọn àgbà nìyí.» Gbólóhùn yẹn ni mo gbé kúrò níbẹ̀. Bí ọwọ́ àwọn àgbà bá wà, kí ló dé tí kì í ṣe òun ni wọ́n ń kọ́ wa?

Ọ̀nà tí kálámù gbà dé

Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ nípa kíkà àti kíkọ nílé kéú. Pátákó tí ọmọ fi ń kọ́ Kùránì ni wàláà. Ìwé tí wọ́n kọ tí wọ́n sì fi awọ rán ni tírà. Omi tí wọ́n fi fọ ohun tí wọ́n kọ sára wàláà, tí wọ́n máa ń bù fún aláìsàn mu, ni hàǹtú. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ ni àlùfáà, tí a sábà máa ń gé kúrú sí áfà. Stefan Reichmuth, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tó ṣe ìwádìí púpọ̀ lórí ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù ní Ìlọrin, gbé iṣẹ́ kan jáde ní 1988 lórí ọ̀rọ̀ àyálò bẹ́ẹ̀. Ó fi hàn pé èdè Songhay, èdè àwọn ará Gao àti Timbuktu létí odò Ọya, ni irú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí gbà wọ inú Yorùbá. Ní èdè yẹn, hantum ni kí ènìyàn kọ̀wé, tira ni ìwé tí wọ́n kọ, alfa ni onímọ̀. Ọ̀rọ̀ «Ìmàle» náà, ọ̀pọ̀ òpìtàn ló gbà pé Mali ló ń tọ́ka sí.

Ohun tí èyí ń sọ fún wa kò kéré. Àwọn oníṣòwò àti onímọ̀ tó ń gba ọ̀nà odò Ọya sọ̀ kalẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé kálámù wá sí ilẹ̀ Yorùbá, kí jìháàdì Usman dan Fodio tó bẹ̀rẹ̀ ní 1804. Ọwọ́ ìkọ̀wé tí wọ́n gbé wá ni ọwọ́ Maghrib, ìyẹn ọwọ́ Mòrókò àti ti Andalúsíà tó wà ní ilẹ̀ Spéènì nígbà kan. Ó la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, ó sì gba àwọ̀ mìíràn bó ṣe ń kọjá láti ìlú dé ìlú, ṣùgbọ́n àmì fáà rẹ̀ kò kúrò lábẹ́.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọwọ́ yìí àti ti Baghdad ju ibi tí àmì wà lọ. Ibn Khaldun, òpìtàn ńlá tí wọ́n bí ní Tunis ní 1332, kọ ọ́ sínú ìwé Muqaddima rẹ̀ pé àwọn ará Andalúsíà àti Maghrib kì í kọ́ ọmọ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òfin ìwọ̀n rẹ̀. Odindi ọ̀rọ̀ ni ọmọ ń wò, tí ó ń fara wé, tí olùkọ́ sì ń tọ́ ọ sọ́nà títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ́ ọn. Ẹni tó bá ti rí ọmọ kéú nídìí wàláà yóò mọ ohun tó ń sọ. Nílé kéú, ẹnikẹ́ni kì í to àmì márùn-ún léra. Olùkọ́ á kọ, ọmọ á wò ó, á kà á, á kọ ọ́ tẹ̀lé e.

Orúkọ tiwa gan-an, lẹ́tà Lárúbáwá ló kọ́kọ́ gbà wọ inú ìwé tó dé ọwọ́ wa. Ní 1615, Ahmad Baba, onímọ̀ Timbuktu, kọ èsì sí ìbéèrè kan nípa àwọn tí wọ́n ń kó lẹ́rú. Nínú àwọn ẹ̀yà tó dárúkọ níbẹ̀ ni Yariba wà. Kì í ṣe ìròyìn ayọ̀ ni orúkọ náà bá wọlé. Síbẹ̀, ó wà lákọsílẹ̀. Ní 1812, Muhammad Bello tún kọ nípa ilẹ̀ Yorùbá nínú Infaq al-Maysur. Láti 1615 títí di 1843 tí Samuel Ajàyí Crowther gbé ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde, ó lé ní igba ọdún. Nígbà tí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń túmọ̀ Bíbélì, àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá lẹ́nu ará ìlú ni wọ́n mú lò: àlùfáà, àdúrà, wòlíì, ìwàásù. Ẹ ṣí Sáàmù 45, ẹ óò bá kálámù níbẹ̀.

Ìlú àwọn oníwèé

Ìtàn ogun Ìlọrin ni gbogbo wa mọ̀ láti ilé ìwé girama. Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ya kúrò lábẹ́ Ọ̀yọ́. Ó pe Àlímì, onímọ̀ Fúlàní, mọ́ra ní nǹkan bí 1817. Àwọn Mùsùlùmí Yorùbá sì kóra jọ sí Òkè Sùnnà lábẹ́ Ṣọlágbẹ́rú. Ní nǹkan bí 1824, Àfọ̀njá kú sógun, Abdulsalami ọmọ Àlímì sì di émíà àkọ́kọ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn máa ń dúró sí nìyẹn, tàbí kí wọ́n tẹ̀síwájú sí ogun Òṣogbo àti Jálumi.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó wá tẹ̀dó sí ìlú náà: Fúlàní, Hausa, Núpé, Kànúrí, àti àwọn Yorùbá tó sá kúrò ní àwọn ìlú Ọ̀yọ́ tó ti fọ́. Nínú wọn ni àwọn onímọ̀ wà, onímọ̀ kò sì lè ṣe é kó má ní ìwé. Kò sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Gbogbo ìwé tó wà nílùú, ọwọ́ ènìyàn ló kọ ọ́. Bí o bá fẹ́ ní ìwé kan, ọ̀nà méjì ló wà: kí o yá a lọ́wọ́ ẹni tó ní i kí o jókòó dà á kọ, tàbí kí o sanwó fún ẹni tí yóò dà á kọ fún ọ. Nígbà yẹn, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dára kò gbé e kọ́ ara ògiri. Ọwọ́ rẹ̀ ni ìmọ̀ fi ń rìn láti ilé kan dé ìkejì.

Ìwé tí wọ́n dà kọ bẹ́ẹ̀ kì í sábà ní rírán lẹ́yìn. Ewé ìwé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni, tí wọ́n tò léra, tí wọ́n wá fi awọ wé. Báwo ni wọn kò ṣe ń dàrú? Akọ̀wé á kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ojú ìwé tó kàn sí igun ìsàlẹ̀ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí atẹ́gùn bá tú u ká, ẹni tó mọ̀wé lè fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn tò ó padà. Ní ìparí, ó sábà máa ń kọ orúkọ ara rẹ̀, ọjọ́ àti oṣù tó parí, pẹ̀lú àdúrà.

Nínú ìlú yìí ni Ahmad bin Abi Bakr ti jókòó ní 1912, tó fi Lárúbáwá kọ ìtàn àwọn émíà Ìlọrin. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn, ìwé Samuel Johnson ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi lé wa lọ́wọ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí iṣẹ́ ribiribi ni. Johnson parí tirẹ̀ ní 1897, ṣùgbọ́n 1921 ló tó jáde. Iṣẹ́ Ahmad ti wà lákọsílẹ̀ kí ti Johnson tó dé ọwọ́ òǹkàwé. Ó di 1965 kí B. G. Martin tó kọ nípa rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ nínú ìwé àtìgbàdégbà ilé ìkó-ìwé-Lárúbáwá-jọ ti Yunifásítì Ìbàdàn. Ọkùnrin méjèèjì ló kọ ìtàn ilẹ̀ wọn. Lẹ́tà tí wọ́n fi kọ ọ́ ló sọ ẹni tí a mọ̀ àti ẹni tí a kò mọ̀.

Yorùbá nínú aṣọ Lárúbáwá

Kì í ṣe Lárúbáwá nìkan ni kálámù kọ ní Ìlọrin. Ó kọ Yorùbá pẹ̀lú. Àjàmí ni wọ́n ń pe irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ń pè é ní ànjẹ̀mí. Nínú àwọn tí wọ́n mọ̀ mọ́ ọn ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni Badamasi Agbaji, tí wákà rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ará ìlú ní ẹ̀sìn. Ọmọ ẹ̀yìn ń dà á kọ, obìnrin ilé ń kọ ọ́ lórin, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń tàn kálẹ̀.

Ìṣòro wà nínú rẹ̀, kí a má parọ́. Lárúbáwá kò ní p, kò ní gb. Àmì fáwẹ̀lì mẹ́ta péré ló ní, fáwẹ̀lì àìránmúpè nìkan ní Yorùbá sì jẹ́ méje. Kò ní ohun tí yóò fi ya òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn sọ́tọ̀. Akọ̀wé kọ̀ọ̀kan ló ń wá ọgbọ́n tirẹ̀ dá, nítorí náà ọ̀rọ̀ kan lè ní ìrísí méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tó bá ti mọ orin náà tẹ́lẹ̀ ló máa ń kà á tán.

Ṣùgbọ́n ṣé lẹ́tà Látìnì ní ọ̀nà àbáyọ nígbà tó kọ́kọ́ dé? Kò ní i. John Raban tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá ní 1830, Crowther tẹ tirẹ̀ ní 1843, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859, síbẹ̀ àríyànjiyàn lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá ń lọ. Ó di 1875 kí wọ́n tó ṣèpàdé ní Èkó láti fẹnu ọ̀rọ̀ náà jóná. Ohun tí wọ́n fi yanjú rẹ̀ kò ju àmì lọ: ẹyọ kan lábẹ́ e, ẹyọ kan lábẹ́ o, ẹyọ kan lábẹ́ s, àti àmì ohùn lórí fáwẹ̀lì. Ìyẹn ni pé wọ́n tún aṣọ àyálò náà rán kí ó lè bá wa lára mu. Wọ́n lè ṣe irú rẹ̀ fún lẹ́tà Lárúbáwá. Isaac Ogunbiyi gbé iṣẹ́ kan jáde ní 2003 lórí ohun tó dènà rẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló borí ọ̀rọ̀ lẹ́tà wo ló sàn jù. Ọwọ́ ìjọ ni ẹ̀rọ náà wà, ilé ìwé ìjọ ló sì nílò ìwé.

Gbogbo wa tí a wà lórí búlọ́ọ̀gì yìí ni inú wa máa ń ru bí ẹnì kan bá kọ Yorùbá láìfi àmì sí i, tí oko, ọkọ àti ọkọ̀ wá di ọ̀kan náà. A mọ ohun tí àmì abẹ́ ń ṣe. Àmì abẹ́ fáà náà, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe.

Bí ọwọ́ àtijọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́

Ní oṣù kejì ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company ṣẹ́gun Ìlọrin. Láti ìgbà náà, lẹ́tà Látìnì di lẹ́tà ìjọba, owó orí àti ilé ẹjọ́ gíga. Ṣùgbọ́n bí a bá ní òyìnbó ló pa ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn àgbà, a kò tíì sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán. Ẹ̀kọ́ Lárúbáwá kò kú ní Ìlọrin. Ńṣe ló gbilẹ̀ sí i. Ṣéékì Kamaludeen al-Adabi dá ẹgbẹ́ Ansarul Islam sílẹ̀ ní 1942. Ṣéékì Adam Abdullah al-Iluri, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí ní 1917, dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1952, ó sì gbé e lọ sí Agége ní 1955. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ báwọ̀nyí gbé bẹ́ǹṣì, pátákó ìkọ̀wé àti ìdánwò wá. Akẹ́kọ̀ọ́ wọn gbọ́ èdè Lárúbáwá, wọ́n sọ ọ́, wọ́n kọ àròkọ àti ewì pẹ̀lú rẹ̀, láìdúró sí kíkà lásán.

Ìwé tí wọ́n sì ń lò, ìwé títẹ̀ ni. Ilé ìtẹ̀wé Bulaq ní Káírò ti wà láti nǹkan bí 1820. Ní 1924, Íjíbítì tẹ Kùránì tí ó di àwòṣe fún púpọ̀ nínú èyí tí ayé ń kà lónìí. Fáà olámì òkè àti kọ́ọ̀fù olámì méjì ló bá wọlé. Kò sẹ́ni tó ṣòfin pé kí wọ́n pa ti àtijọ́ tì. Ìwé títẹ̀ wọ́n lówó díẹ̀, ó mọ́ lójú, ó pọ̀. Ọmọ tó bá ti fi í kọ́ ìwé, òun náà ló máa kọ. Láàárín ìran méjì, ojú ọmọ yà kúrò lára ìwé bàbá rẹ̀.

Ẹ wo Kánò, ẹ óò rí i pé kò pọn dandan kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ní Kánò, nígbà tí ẹ̀rọ dé, wọ́n ní kí akọ̀wé fi ọwọ́ àtijọ́ kọ ìwé náà látòkè délẹ̀, wọ́n wá fi ẹ̀rọ tẹ ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n tà á lọ́jà. Bí ẹ bá ra Kùránì tàbí ìwé ẹ̀kọ́ irú bẹ́ẹ̀, ọwọ́ akọ̀wé ni ẹ ń wò. Ẹ̀rọ tó lé ọwọ́ àtijọ́ wọlé ní ìlú kan ni wọ́n fi tan án kálẹ̀ ní ìlú kejì. Àjàmí Hausa ṣì wà lára náírà 200, 500 àti 1000 tó wà nínú àpò wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n yọ ọ́ kúrò lára owó kéékèèké ní 2007. Àjàmí Yorùbá kò sí lára èyíkéyìí.

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kọ́ ọwọ́ Baghdad àti Istanbul. Ó lẹ́wà, ó ń kọ́ ọwọ́ ní sùúrù, bí wọ́n bá sì tún pe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mìíràn, èmi á lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìlú tó ní ọwọ́ ìkọ̀wé tirẹ̀ kò yẹ kó máa fi ti ẹlòmíràn nìkan bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀. Ìyà tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ẹwà nìkan. Ìwé wà nínú àpótí, lórí àjà, nínú àpò awọ, káàkiri àdúgbò Ìlọrin. Ikán ń jẹ ẹ́, òjò ń kán sí i. Ewu kan sì tún wà tí kò ní ariwo: kí ìwé náà wà láìfarapa, kí ẹni tó lè kà á má sí mọ́. Ìwé tí kò sẹ́ni tó lè kà á, wọ́n á pọ́n ọn lé títí wọ́n á fi gbé e sọnù lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń tún ilé ṣe.

Àwọn kan ti ń ṣiṣẹ́. Láti 1964 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti dá ilé ìkó-ìwé-Lárúbáwá-jọ tí mo dárúkọ lókè sílẹ̀. Nítòsí wa níbí, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ní Màlété ní ibùdó kan fún ìwé àfọwọ́kọ àti àṣà Ìlọrin. Ṣùgbọ́n ibùdó kan kò lè wọ gbogbo ilé. Àwa la wà nínú ilé.

Ohun mẹ́rin wà tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe láìgba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èkíní, bí o bá padà sílé, béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà bóyá ìwé wà, kí o sì béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ìwé mìíràn jẹ́ ti àṣírí ẹbí, wọ́n lè má fẹ́ kí ó jáde, ẹ̀tọ́ wọn ni. Èkejì, bí wọ́n bá gbà, má tò ó tún tò. Bí o ṣe bá a ni kí o fi í sílẹ̀, kí o ya àwòrán ojú ìwé kọ̀ọ̀kan tòun ti igun ìsàlẹ̀ rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ló mọ ipò rẹ̀. Ẹ̀kẹta, wo ojú ìwé ìkẹyìn dáadáa. Ibẹ̀ ni orúkọ akọ̀wé àti ọdún lè wà. Ọdún Híjírà ló máa jẹ́. Bí o bá rí 1330, 1912 lo ń wò. Ẹ̀kẹrin, wá àgbà tó lè kà á kí o sì gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù bó ṣe ń kà á, pàápàá bí ó bá jẹ́ ànjẹ̀mí. Láìsí ohùn rẹ̀, lẹ́tà náà kò lè sọ fún wa bóyá igbá ni akọ̀wé ní lọ́kàn tàbí igba.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní ọnà ìkọ̀wé nílùú yìí, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní. Nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ kan, ẹ ya ìdajì wákàtí sọ́tọ̀. Ẹ fi ojú ìwé àtijọ́ kan hàn wọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo odindi ọ̀rọ̀ kan bí ọmọ kéú ṣe ń wò ó, kí wọ́n sì kọ ọ́ tẹ̀lé e láìka àmì. Lẹ́tà méjì péré ni kí ẹ kọ́ wọn dájú: fáà tí àmì rẹ̀ wà lábẹ́, kọ́ọ̀fù tí àmì rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan lórí. Ẹni tó bá mọ méjèèjì yìí lè padà sílé, kí ó ṣí àpótí, kí ó sì rí kálámù níbi tí ẹlòmíràn yóò ti rí fíìmù.